Ojú tí kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé

Nígbà kan tí a ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí bàbá àgbà kan kó jáde fún wa, méjì nínú wa ló jókòó ti ẹrù náà, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ẹnì kìíní kọ ọ́ pé ìdè ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé àti ìlẹ̀kẹ̀ pupa bí ilẹ̀ sín, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ẹnì kejì kọ ọ́ pé aláwọ̀ kan ṣoṣo ni ìdè náà, pupa rúsúrúsú. Nígbà tí a fi ìwé méjèèjì wéra, a rò pé àìfarabalẹ̀ ni. A gbé fọ́tò jáde. Ẹnì kejì wò ó títí, ó ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà náà ló sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ rí: láti kékeré ni ojú òun kì í ti í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹgbẹ́ bíi tiwa. Àwọ̀ méjì yẹn la fi ń dá ìdè Ifá mọ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá sọ pé àwọ̀ kan ni, ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀ pé ọrùn ọwọ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni ìdè náà ti wá. Lẹ́yìn èyí, arákùnrin wa ti ń fi nǹkan yìí pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jókòó láti ṣàlàyé bí irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ayé, àti ohun tó yẹ kí àwa tí à ń kọ ìtàn àti àṣà sílẹ̀ ṣe nípa rẹ̀.

Kì í ṣe ìfọ́jú

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "daltonien". Àwọn mìíràn tó ń kọ èdè wa a máa pè é ní "afọ́jú àwọ̀". Orúkọ kejì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Afọ́jú kò ríran. Ẹni tí à ń sọ yìí ń ríran kedere: ó ń rí èèrà lórí ilẹ̀, ó ń ka lẹ́tà wínníwínní, ó ń dá ojúlùmọ̀ mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kò sì rí ayé ní dúdú àti funfun nìkan, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Àwọ̀ wà lójú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn àwọ̀ kan tó yàtọ̀ síra lójú tiwa jọ ara wọn lójú tirẹ̀.

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é ní ìtàn tirẹ̀. John Dalton ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n bí ní ọdún 1766, onímọ̀ tí gbogbo ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1792, ó ṣàkíyèsí òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní geranium. Lọ́sàn-án, òdòdó náà rí lójú rẹ̀ bí àwọ̀ sánmà; nígbà tí ó fi iná àbẹ́là wò ó lálẹ́, ó di pupa lójú rẹ̀. Ẹnu yà á. Ó bi àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n rí ìyípadà náà. Wọ́n ní òdòdó náà kò yí padà bẹ́ẹ̀, àfi arákùnrin rẹ̀ nìkan ló rí ohun tí òun náà rí. Ní ọdún 1794, ó ka ìwé kan nípa rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Manchester. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ìda pupa tí wọ́n fi ń lẹ lẹ́tà àti ojú ewé igi kan jọ ara wọn lójú òun.

Dalton rò pé omi inú ẹyinjú òun ló ní àwọ̀ aró, tí kì í jẹ́ kí pupa kọjá. Ó ní kí wọ́n yẹ ojú òun wò bí òun bá kú. Ó kú ní 1844, dókítà rẹ̀, Joseph Ransome, sì ṣe bí ó ti wí. Omi náà mọ́ gaara, kò ní àwọ̀ aró kankan. Wọ́n tọ́jú ohun tó kù nínú ẹyinjú náà. Ní 1995, ọdún 151 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ jíìnì tó wà lára rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ohun tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ni kò sí nínú ojú rẹ̀. Dalton rí ohun tó rí dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni kò rí gbà.

Lóru, ojú gbogbo wa rí bẹ́ẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló wà lára awọ yìí. Oríṣi kìíní tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 120 nínú ojú kan. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó wọn. Àwọn la fi ń ríran lókùnkùn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àwọ̀ rárá. Oríṣi kejì kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 lọ. Àwọn yìí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, àwọn la sì fi ń mọ àwọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó de Ẹ̀fẹ̀ lóru rí yóò mọ ohun tí à ń sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí ó sì kọ sínú ìwé àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ní ti òru, ó ní ti ọ̀sán. Lóru, níbi tí iná kò dé, ẹ ó rí i pé aṣọ kan dúdú ju èkejì lọ, ẹ ó rí bí eegun náà ṣe ń jó, ẹ ó dá ìrìn rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi yín pé èwo ló pupa nínú gèlè tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ kò ní lè sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn tọ̀sán jáde, gbogbo ọ̀dà tí agbẹ́gilére kùn sí orí igi náà á wá hàn. Ojú yín kò yí padà láàárín òru àti òwúrọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó mọ àwọ̀ ni kò rí ìmọ́lẹ̀ tó lóru. Nítorí náà, kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn ríran kí ó má sì mọ àwọ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ àwọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ fi wọ́n wé ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó wá síwájú baálẹ̀. Ẹlẹ́rìí kìíní ń jẹ́rìí jù lọ nípa ìmọ́lẹ̀ tó wà níhà pupa, èkejì nípa èyí tó wà níhà àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta nípa èyí tó wà níhà àwọ̀ aró. Ọpọlọ ni baálẹ̀ tó jókòó. Kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí ló ń gbọ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ wọn wéra. Bí ẹlẹ́rìí kìíní bá pariwo ju èkejì lọ, baálẹ̀ á dájọ́ pé pupa ni. Bí èkejì bá pariwo ju ti àkọ́kọ́, ó di àwọ̀ ewé.

Nínú ojú tí à ń sọ yìí, ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjì àkọ́kọ́ kò wá sílé ẹjọ́, tàbí kó wá, kó sì máa sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ẹnì kejì rẹ̀. Baálẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi wéra mọ́. Kì í ṣe pé ó dájọ́ òdì. Ẹjọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ń rí

Àwọ̀ aró àti àwọ̀ ìyeyè kì í sábà dà wọ́n láàmú. Aláró tó ń ré aṣọ sínú ẹ̀lú, tó sì ní láti mọ̀ bóyá aṣọ ti mu aró tó tàbí kò tíì mu tó, lè ní irú ojú yìí kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàjẹ́, nítorí pé dídúdú àti mímọ́ aṣọ ló ń wò. Ṣùgbọ́n pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ilẹ̀ a máa rọ́ pọ̀ sójú kan, bí ìyeyè tó ti ṣá tàbí bí ewé gbígbẹ. Elésè àlùkò a máa dà bí àwọ̀ aró, nítorí pé pupa tó wà nínú rẹ̀ kò hàn.

Wọn kò rí bákan náà gbogbo wọn. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Àwọn tí ẹlẹ́rìí àwọ̀ ewé wọn kò jẹ́rìí dáadáa ló pọ̀ jù. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ẹlẹ́rìí pupa ni wọ́n ṣe aláìní. Lójú tiwọn, pupa kì í tàn, ó sábà máa ń sún mọ́ dúdú. Àwọn díẹ̀ gan-an ni àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé ń dà pọ̀ mọ́ lójú. Àwọn tí kò rí àwọ̀ kankan rárá ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láyé. Ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù tí a mọ̀ ni erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Pingelap ní òkun Pàsífíìkì. Ìjì ńlá kan jà níbẹ̀ ní nǹkan bí 1775, nǹkan bí ogún ènìyàn péré ló sì ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé irú ẹ̀jẹ̀ yìí, láti ara rẹ̀ ni ó sì ti tàn ká láàárín àwọn ọmọ ọmọ wọn. Oòrùn ọ̀sán a máa dun àwọn yẹn lójú gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹja pa lóru.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ni àsíá. Ti Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1959 ní àwọ̀ ewé lápá òpó, ìyeyè lókè àti pupa nísàlẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ya pupa sọ́tọ̀ yóò rí ìyeyè tó tàn, yóò sì rí apá méjì yòókù tí kò tàn tó o, tí wọ́n fi jọ ara wọn. Síbẹ̀, ó mọ èwo ni èwo, nítorí pé ó mọ ipò oníkálukú. Ṣùgbọ́n láti 1975 títí di 1990, àsíá mìíràn ni ìjọba lò: gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìràwọ̀ pupa kékeré kan sì wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Bí àsíá yẹn bá ń fẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ní irú ojú yìí lè dúró kọrin níwájú rẹ̀ láràárọ̀ kí ó má sì rí ìràwọ̀ náà dáadáa. Ti Tógò, ìràwọ̀ funfun ló wà nínú pupa. Ìyẹn kò lè sọnù lójú ẹnikẹ́ni.

Irú ọgbọ́n yìí náà ni dókítà ará Japan kan, Shinobu Ishihara, lò ní 1917 láti ṣe ìwé ìdánwò tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ó to àwọn àmì róbótó kéékèèké sójú ewé, ó fi àwọ̀ kan kọ nọ́ńbà sáàárín wọn, ó sì fi àwọ̀ mìíràn yí i ká, pẹ̀lú dídúdú àti mímọ́ tí kò tẹ̀ lé ìlà nọ́ńbà náà. Ẹni tó ń ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ á ka nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kì í yà á sọ́tọ̀ á rí àmì róbótó lásán.

Ilé ìyá ni kí ẹ bi léèrè

Bí ẹnì kan bá ní irú ojú yìí, ẹbí rẹ̀ lè sọ pé kò sí irú rẹ̀ nílé wa. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Àwa a máa ka ìran láti ọ̀dọ̀ bàbá: agbo ilé bàbá, oríkì bàbá. Ọ̀nà ìyá ni èyí sì ń gbà rìn.

Jíìnì tó ń ṣe ẹlẹ́rìí pupa àti ẹlẹ́rìí àwọ̀ ewé wà lórí kúrómósómù tí wọ́n ń pè ní X. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, èkejì á ṣiṣẹ́ fún un, ojú rẹ̀ á sì máa ríran dáadáa. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Bí ìyẹn bá ní àbùkù, kò sí èyí tí yóò gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, bàbá tó ní irú ojú yìí kò lè fi sílẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbà á, kò sì ní hàn lára wọn bí ìyá wọn kò bá ní in lára. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà bá lọ sílé ọkọ tó bímọ ọkùnrin ni ó tó tún lè yọjú. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó bá bí lè gbà á tàbí kó má gbà á, ìdajì sí ìdajì. Bàbá àgbà wà ní Kétu, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ ní agbo ilé mìíràn, kò sì sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀.

Èyí náà ló fà á tó fi pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 8 nínú 100 ló ní in, àti nǹkan bí obìnrin 1 nínú 200. Láàárín àwa ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà, iye náà kéré sí èyí, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Pupa, dúdú, funfun

Àwọn olùwádìí kan ti béèrè lọ́wọ́ wa rí pé ṣé àwọn baba wa ń rí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, nígbà tí èdè wa pe méjèèjì ní dúdú. Irú ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1858, William Gladstone, òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé orúkọ àwọ̀ nínú ewì Homer kò tó nǹkan, ó sì rò pé ojú àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ kò tíì gbọ́n sí àwọ̀ bíi tàwọn ènìyàn ìsinsìnyí. Àṣìṣe ni. Orúkọ yàtọ̀ sí ìríran.

Ní 1969, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Brent Berlin àti Paul Kay, tẹ ìwé jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ èdè ayé. Wọ́n sọ pé èdè tó bá ní ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀ mẹ́ta, funfun, dúdú àti pupa ni yóò jẹ́. Ẹ wo èdè wa bóyá kò rí bẹ́ẹ̀: ẹfun funfun, ẹ̀lú dúdú, osùn pupa. Pupa gba ẹ̀jẹ̀, epo, ilẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti ènìyàn tó mọ́ lára. Dúdú gba èédú, aṣọ aláró àti igbó kìjikìji. Lẹ́yìn náà la wá ń fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri, funfun báláú. Bí a bá sì fẹ́ yà á sọ́tọ̀ sí i, a ó fi wé nǹkan: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó ń sọ báyìí rí ìyàtọ̀ wọn dájúdájú.

Ṣùgbọ́n èdè wa ti bo ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ láṣìírí fún ìgbà pípẹ́. Bí ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọ lójú, kò sí ohun tó burú, pupa ni gbogbo wọn. Ewé, a kì í sábà pè é ní àwọ̀ kan; ewé tútù ni, tàbí ewé gbígbẹ, ọwọ́ sì mọ èyí. Ohun tó bá gbó, a ní ó ti pọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí gba àwọ̀, ó sì gba rírọ̀, òórùn àti adùn. Ẹni tó bá tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ tó sì ní ó ti pọ́n kò purọ́. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ ń wo èyí tó ti já bọ́ sísàlẹ̀ kó tó gùn ún. Ibi kan ṣoṣo ni ahọ́n lè ti yọ̀, ibi tí ó bá ti ní láti sọ bóyá ata kan pupa tàbí kò pupa, láìfọwọ́ kàn án.

Ibi tí ó ti ń dunni

Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé ni ihò pọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n kó pẹ́ńsùlù aláwọ̀ méjìlá fún ọmọ, orúkọ Faransé méjìlá ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Olùkọ́ ní kí ó kun ewé igi, ó kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣe, ó tún ṣì í. Wọ́n ní olórí kunkun ni, tàbí pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Arákùnrin wa sọ pé ẹgba tí òun jẹ lórí àwọ̀ nílé ẹ̀kọ́ kọjá èyí tí òun jẹ lórí ìṣirò. Lẹ́yìn náà ló kọ́ láti jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó máa wo èyí tó bá mú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lọ́dọ̀ wa, àfi ọjọ́ tí oníkálukú kọ ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, nǹkan díẹ̀ ló lè yanjú rẹ̀: ẹ kọ orúkọ àwọ̀ sára pẹ́ńsùlù, ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ̀wé sójú pátákó aláwọ̀ ewé, bí ẹ bá ya àwòrán ilẹ̀, ẹ fi ìlà àti àmì kún àwọ̀. Bí ọmọ kan bá ń ṣi àwọ̀ mú lemọ́lemọ́, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí pàṣán tó jáde.

Lójú títì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní pupa lókè, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Lọ́sàn-án, ipò iná ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lóru, tí ènìyàn kò rí òpó àti àpótí, tó jẹ́ iná nìkan ló rí lókèèrè, ó ṣòro díẹ̀. Ẹni tí pupa kì í tàn lójú rẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó rí iná ẹ̀yìn zémidjan tó wà níwájú rẹ̀. Kí ó rọra sáré lálẹ́. Nínú ilé, ó lè má mọ̀ pé ẹran kò tíì jinná. Èyí tó léwu jù ni pé ó lè má rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí aya rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ẹni tí wọ́n bí i mọ́ kì í burú sí i, kì í sì í dára sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti ń mọ àwọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé rí i pé pupa ń ṣá lójú òun, àìsàn ló lè fà á, tàbí oògùn. Ethambutol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí onítọ̀hún tètè lọ sọ fún dókítà rẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n bí mọ́ni, kò tíì sí ìwòsàn. Àwọn awò kan wà tó lè mú kí àwọ̀ méjì yàtọ̀ síra díẹ̀ lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ẹlẹ́rìí tí kò sí padà. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi jíìnì sínú ojú àwọn ọ̀bọ tí kì í ya pupa sọ́tọ̀, àwọn ọ̀bọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sọ́tọ̀. Ti ènìyàn kò tíì dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ àwọ̀ sílẹ̀ báyìí

Láti ọjọ́ ìdè yẹn, a ti yí ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́ padà, a sì rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ní ìlú wọn láti ṣe bákan náà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bi ẹni tó ni nǹkan náà léèrè orúkọ tí òun ń pe àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tó fi orúkọ Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì sí i. Bí ó bá ní dúdú ni, ẹ kọ dúdú, kí ẹ tó wá kọ ohun tí dúdú náà jọ: aró ni, ewé ni, tàbí èédú. Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn méjì kọ àwọ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má wo ìwé ara wọn. Ẹ kọ ipò tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, àti èyí tó mọ́ jù àti èyí tó dúdú jù. Ẹ ya fọ́tò lójúmọmọ, kí aṣọ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà, nítorí pé iná inú ilé a máa yí àwọ̀ padà, bí òdòdó Dalton ṣe yí padà lábẹ́ àbẹ́là.

Ẹ má sì yọ ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ kúrò nínú iṣẹ́. Nígbà tí a padà ka ìwé arákùnrin wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, a rí ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnì kejì. Nítorí pé àwọ̀ kò sọ nǹkan fún un, ó ti ka ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ pé àwọn kan dán, àwọn kan kò dán. Pé ihò àwọn kan ti gbòòrò nítorí pípẹ́ lọ́wọ́. Pé ẹyọ mẹ́ta tóbi ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, tí ihò wọn ṣì mú. A padà lọ bi bàbá náà. Ó ní òtítọ́ ni, ìdè náà ti já nígbà kan, ẹyọ mẹ́ta sọnù, òun sì ra mìíràn rọ́pò wọn. Ẹni tó rí àwọ̀ méjèèjì kò rí èyí, nítorí pé àwọn mẹ́ta tuntun náà jọ àwọn tàtijọ́ ní àwọ̀.

Ìwé méjèèjì la so pọ̀ nínú àkójọ wa báyìí. Ọ̀kan sọ pé ìdè Ifá ni. Èkejì sọ ohun tí ojú ìdè náà ti rí.